Dúrósinmí

Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ.
Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí róbọ́ọ̀tì náà láyà
nígbà tí páálí rẹ̀ dé Kakuri,
ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta NEPA múná lọ,
ojú rẹ̀ ṣú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà.
Ìyá mi pè mí lórí fóònù:
"Ọmọ tóo rán sí mi ti kú o!"
Iná dé, ó jí, ó kí i.
Iná lọ, ó tún kú.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan.
Ìyá mi ní irú èyí kò ṣàjèjì nílé wa.
Ó pè é ní Dúrósinmí.

Ọ̀nà Kàdúná ni mo ń bẹ̀rù nígbà náà.
Gbogbo Gwarinpa ló mọ ẹnì kan tí wọ́n jí gbé wọ igbó.
Mo lọ́mọ méjì, mo lọ́gàá tí kì í fúnni láyè,
mo sì lówó díẹ̀.
Owó ni mo fi rọ́pò ẹsẹ̀ mi.
Ọkọ̀ ojúurin wà. Ẹ má bi mí.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ
kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé.
Ariwo ti jẹ etí òsì rẹ̀ tán,
nítorí náà ọ̀tún ni Dúrósinmí máa ń dúró sí.
Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.
Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀
pé òsì ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n jọ ń jà. Ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù;
ìyá mi ní, ìwọ tí o ò lẹ́nu, ta ló fi iyọ̀ lọ̀ ọ́?
Ó ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un,
funfun láàárọ̀, pupa lálẹ́.
Bí Talatu aládùúgbò bá yà wọlé, ó fẹ́ kí i,
ìyá mi á ní Hausa rẹ̀ dà bí Hausa bárékè.
Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bò ó lójú,
etí ìró ni yóò fi nù ún,
bí a ti ń nu ikun imú ọmọ.

Aago mẹ́rin ìdájí ló pè mí.
Ó ní, "Màmá ò dáhùn.
Mo ti pè é létí ọ̀tún."

Ó dúró lóòótọ́. Sísin ni kò lè sin ín:
ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbé ju ife omi kan lọ,
a sì fi í sílé nígbà tí à ń bu yẹ̀pẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àlejò ti lọ, ó ku èmi nìkan.
Ó wojú mi, kò dá a mọ̀.
Mo kí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní,
"Mo mọ ohùn yìí.
Ohùn Ọ̀sẹ̀-Tó-Ń-Bọ̀ ni."
Kò bú mi; kò mọ èébú.
N ò mọ̀ bóyá òun ló sọ mí lórúkọ yẹn
tàbí ìyá mi.

Nígbà tó di aago méje alẹ́,
ó yí sí ibùsùn òfìfo: "Màmá, èyí pupa."
Ẹ̀gbọ́n mi Gbádégẹṣin ní kí n pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́,
pé ẹnì kan wà tó fẹ́ rà á.
Mo mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ìka mi débẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ Rigasa, agbàtíkẹ́ẹ̀tì bi mí:
ẹrù ni àbí èèyàn?
Mo ní àbúrò mi ni.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n san owó ẹrù.
Mo san án.
Àga kan ṣófo lósì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ọ̀tún ló lọ dúró sí, lójú ọ̀nà,
níbi tí gbogbo èrò ti ń kọlù ú.